Ìkíni Lẹ́nu Ọ̀nà Dókítà Ojú

Mọ́ńdè, 2 Júùnù

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún mi! Dókítà Ikúmápàyí pè mí láàárọ̀ níbi tí mo ti ń ran kọ́tìnì Ìyá Faridah, ó ní kí n wá ṣètò ibi ìgbàlejò ilé ìwòsàn ojú rẹ̀ ní Bajulaiye, ní Ṣómólú níbí, kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Èmi Waliyat, tí wọn ò mọ̀ mọ́ nǹkan míì ju kọ́tìnì àti tìmùtìmù pálọ̀ lọ! Mo fò sókè, abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára títí Ìyá Faridah fi pariwo pé ẹ̀jẹ̀ ń kán sára kọ́tìnì òun.

Dókítà ní àwọn èèyàn máa ń dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á yọjú, wọ́n á padà sílé. Ó ní, "Waliyat, wọ́n ń bẹ̀rù ibẹ̀ bí ẹni tó dé àgọ́ ọlọ́pàá. Bá mi ṣe é kí ó wu èèyàn wọ̀."

Mi ò tíì sọ fún Bàbá. A kì í dárúkọ dókítà ojú nílé wa.

Sátidé, 7 Júùnù

Iléyá ti kọjá, ẹran ṣì kún ilé. Lánàá, Bàbá na ọwọ́ sí abọ́ ẹran, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú omi ìṣanwọ́. Ó ṣe bí ẹni pé ọwọ́ ló kúkú fẹ́ ṣàn. Gbogbo wa ṣe bí ẹni pé a ò rí i. Bàbá Ràmọ́nù ọmọ Ìsẹ́yìn, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ ìwé ní Ṣómólú, tó máa ń dúró lódìkejì títì kí ó tó sọ fún èèyàn pé lẹ́tà kan wọ́ lára pátákó, òun ló ń fi ọwọ́ wá ẹran yẹn. Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun mọ́.

Mo bá la ẹnu mi lónìí, mo sọ iṣẹ́ tí mo gbà fún un. Mo mọ ohun tó ń rò. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a jọ lọ sí ilé ìwòsàn kan tí kò sí ní àdúgbò wa. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì, kò gbójú sókè, ó ní, "Káàdì dà?" Bàbá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá mi." Ọmọ yẹn tún ní, "Káàdì." Bàbá yí padà, ó di ilé. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá dárúkọ ilé ìwòsàn fún un ń wá ìjà ni.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé ìwọ ni wàá ṣe ẹnu ọ̀nà ibẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó dáa. Bí o bá ṣe é tán, màá fi ẹsẹ̀ ara mi lọ. Bí wọ́n bá kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ èèyàn, màá wọlé, kí wọ́n wo ojú tí wọ́n fẹ́ wò. Bí wọn ò bá kí mi, o ò gbọdọ̀ yọ mí lẹ́nu mọ́ láéláé."

Mo ní mo gbà. Ta ni kò ní gbà? Ẹ̀rù sì ti ń bà mí láti ìgbà yẹn.

Túsìdeè, 10 Júùnù

Mo lọ wọn ilé náà. Àwọn atẹ̀wé ló ń kó bébà síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òórùn bébà àti yíǹkì ò sì tíì kúrò lára ògiri. Yàrá gígùn ni, ó tóóró, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Àga oníke tó wà níbẹ̀, ẹni tó bá jókòó lórí rẹ̀ ń retí ìròyìn burúkú ni.

Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́. Mo rí àwòrán káńtà kan lórí fóònù, ti òtẹ́ẹ̀lì kan ní Dubai. Ó ga dé àyà, ó tẹ̀ kọrọdọ, iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi ò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Mo gba etí omi lọ sọ́dọ̀ Lazarus káfíńtà ní Bàrígà, ọmọ Ìlàjẹ. Ọkọ̀ ojú omi ni baba rẹ̀ ń kàn, òun ló yà sídìí àga àti kọ́bọ́ọ̀dù. Ó yí fóònù mi sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Àǹtí Waliyat, èyí kì í ṣe káńtà o, ọkọ̀ ni. Mo lè kàn án kí ó léfòó."

"Má jẹ́ kí ó léfòó, ọ̀gá. Jẹ́ kí ó dúró."

Owó pákó ti ga ju owó àgbò lọ. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́.

Fúráìdeè, 13 Júùnù

Òjò láti ìdájí. Ọ̀dà ò gbẹ. Mo jókòó, mo ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ àgbàdo tó wà lórí iná.

Mọ́ńdè, 16 Júùnù

Èmi àti Dókítà fa ọ̀rọ̀ lónìí. Ó fẹ́ kí gbogbo ògiri funfun, ó ní ilé ìwòsàn ni. Mo ní funfun máa ń ta ojú tó ń dun èèyàn, àwọ̀ ògì bàbà ni mo fẹ́. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ìwọ ni dókítà ojú àbí èmi?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni mà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń bá ẹni tí ojú ń dùn gbé." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kun ògì mi.

Mo tún borí lórí ọ̀rọ̀ àga. Gbogbo rẹ̀ á ní apá, kí àgbà lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dìde láìwá ẹni tí yóò fà á. Bàbá kórìíra kí wọ́n máa fa òun sókè.

Sátidé, 21 Júùnù

Káńtà dé! Lazarus àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá láti etí omi, orin ìyìn ni wọ́n ń kọ bọ̀. Àwọn atẹ̀wé pa ẹ̀rọ wọn, wọ́n jáde wá wòran. Ọ̀kan ní, "Ṣé ilé ìwòsàn ni àbí báńkì?" Lazarus fi aṣọ nu orí káńtà náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. A tan iná abẹ́ rẹ̀. Ó tàn lọ́nà tí mo fi gbàgbé gbogbo ìjà tí mo bá àwọn onípákó jà.

Mo ya fọ́tò ẹ, mo ń wò ó títí mo fi délé. Mo ṣe é re, ẹ jẹ́ kí n yin ara mi.

Sátidé, 28 Júùnù

Dókítà ti gba ẹni tí yóò máa jókòó níbẹ̀. Olúwanífẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ nílé wọn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Akọka ló ń gbé. Mo sọ fún un pé n kò bìkítà fún kọ̀ǹpútà, mo ní, "Èmi fẹ́ kí o máa kí èèyàn." Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí ó máa mí. "Àǹtí, ṣé ó ṣeé ṣe kí àgbà wọlé kí èèyàn má kí i ni?" Ó kúnlẹ̀ dáadáa nígbà tó ń dágbére, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, kì í ṣe títẹ orúnkún kan díẹ̀ tí àwọn ọmọ Èkó ń ṣe yìí.

Inú mi dùn dé ìdí ọkàn. Bàbá ti rí ẹni tó máa kí i.

Túsìdeè, 1 Júláì

A ṣí i lónìí. Òjò dá fún wa.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá kan láti etí omi dé ẹnu ọ̀nà, ó rí bí ilẹ̀ ṣe ń dán, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e rí i, òun náà bọ́ tirẹ̀. Kí a tó mọ̀, bàtà ti kún ẹnu ọ̀nà bíi ti mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn tó ni wọ́n ò sì ríran dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan wọ bàtà obìnrin lọ sílé. Mo ti rán ẹnìkan lọ ra ẹní onírun tí a ó tẹ́ sí ojú ọ̀nà.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo ẹ̀ lọ bí mo ṣe fẹ́. Èmi àti Nífẹ́mi wà nínú káńtà títí di ọ̀sán. Gbogbo àgbà tó wọlé ló kúnlẹ̀ fún, gbogbo wọn ló dáhùn, tí wọ́n ṣàdúrà, tí wọ́n jókòó. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni mo jáde lọ gba pátákó tuntun lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.

Mo ròyìn fún Bàbá lálẹ́. Ó kàn ní, "O kú iṣẹ́." Ohùn rẹ̀ le jù fún ẹni tí mo ń fún ní ìròyìn ayọ̀.

Tọ́sìdeè, 3 Júláì

Dókítà fi fóònù pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní àwọn àgbàlagbà ń ráhùn pé ọmọ tuntun náà máa ń sá fún àwọn. Wọ́n ní wọ́n á dé, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn kan ti padà sílé. Àwọn tó mú ọmọ wọn dání nìkan ni kì í ráhùn. Ó ní bí ó bá fi máa di Mọ́ńdè tí wọ́n ṣì ń sọ ọ́, òun máa dá Nífẹ́mi dúró.

Mi ò gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ìgbà tí a parí ọ̀rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ Èkó a máa kọ́ ìwàkuwà kíákíá.

Fúráìdeè, 4 Júláì

Bàbá ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bọ́ agbádá, ó jókòó. Láìjẹ́ pé mo bi í ní nǹkan kan, ó ní, "Mo lọ."

"Ẹ lọ síbo, Bàbá?"

"Sí ẹnu ọ̀nà rẹ. Lọ́jọ́ Túsìdeè, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo dá lọ. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ọ."

"Wọ́n kí yín?"

"Mo gbọ́ ohùn kan. Mo wò, n kò rí ẹnikẹ́ni. Mo dúró, mo tún wò. Ògiri kan tó ń tàn yanran ni mo rí. Bóyá tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n tàn. Mo padà sílé." Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. "A ti jọ sọ ọ́. Má yọ mí lẹ́nu mọ́."

Kò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló burú. Ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán nínú rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Mo wọ yàrá, mo sunkún, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Kí ọmọ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé dìde kúrò lórí ìjókòó ní wákàtí tí Bàbá mi wá! Ilẹ̀ á mọ́ bá èmi àti ẹ̀.

Sátidé, 5 Júláì

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Mo débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn aláìsàn. Nífẹ́mi ti wà níbẹ̀, ó ń nu àga. Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí ó kí mi tán.

"Lọ́jọ́ Túsìdeè, nígbà tí mo jáde, ibo lo lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan, Àǹtí."

"Bàbá arúgbó kan wọlé, ó wọ fìlà aláwọ̀ ewé. Kò bá ẹnikẹ́ni."

Omi ti lé ròrò sójú ọmọ náà. "Mo rí wọn, Àǹtí. Mo kí wọn. Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n sì lọ. Gbogbo wọn ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún wọn."

"Irọ́ lò ń pa."

"Mo fi Ọlọ́run búra, Àǹtí!"

Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà gan-an. Mo ní kí ó lọ sí àyè rẹ̀, kí ó kí mi bó ṣe kí Bàbá náà. Mo yí ojú sódì díẹ̀, mo tún yí i padà. Mo gbọ́ "Ẹ káàárọ̀ o, mà," ohùn dídùn, ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́. Ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Mò ń wo káńtà, káńtà náà ń wò mí.

"Nífẹ́mi?"

"Mà."

"Níbo lo wà?"

"Mo wà nílẹ̀, mà. Mo ṣì kúnlẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí o ò dìde?"

"Ẹ ò tíì dáhùn ni, mà. Ìyá mi ní a kì í dìde títí àgbà á fi dáhùn."

Ha! Mo jókòó sórí àga tó sún mọ́ mi, mo sì rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Àwọn àgbà ń dúró de kí ẹnìkan yọjú kí wọ́n tó dáhùn, ọmọ náà ń dúró de kí wọ́n dáhùn kí ó tó yọjú. Níkẹyìn, wọ́n á gba ilé lọ, òun á gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń lọ, á dìde, á nu orúnkún. Àwọn tó mú ọmọ wọn dání ló máa ń bọ́, torí ọmọ á lọ bẹ ẹ̀yìn káńtà wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ṣí i, èmi ni wọ́n ń rí lórí ìdúró, èmi ni wọ́n ń dá lóhùn.

Àyè tí mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn, inú káńtà ni. Mi ò tíì ti ẹnu ọ̀nà wò ó rí nígbà tí ọmọ náà bá kúnlẹ̀. Mo mú káńtà Dubai fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì gbé e mì.

Ni mo bá rántí Bàbá, ẹ̀rín náà dá. Mo bẹ Nífẹ́mi. Mo gbá a mọ́ra, mo tún bẹ̀ ẹ́.

Sọ́ńdè, 6 Júláì

Lazarus wá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí ó gé káńtà náà kúrú. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí ó gé ọmọ rẹ̀.

"Àǹtí Waliyat, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mi ò lè gé e. Ẹ wá ibòmíì fún un."

Òótọ́ ló sọ, mo sì wá ibòmíì. A gbé e lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń ta awò ojú. Ibẹ̀ kúkú yẹ ẹ́, torí kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tajà. Nífẹ́mi á máa lo tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àyè gbalasa á wà níwájú rẹ̀. Dókítà wá wò ó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì sọ pé ẹ̀bi mi ni. Ó ní, "Èmi náà ò rí i, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo ń gbà wọlé lójoojúmọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Nífẹ́mi ò ní pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Mọ́ńdè, 7 Júláì

Bàbá ní kí n má yọ òun lẹ́nu mọ́. Mo ronú sí i láti àárọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ mo ní, "Bàbá, mi ò sọ̀rọ̀ ojú yín o. Ọmọ kan ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn." Mo sì ròyìn fún un.

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ó kúnlẹ̀?"

"Ó kúnlẹ̀, Bàbá."

"Nígbà tí mo dúró tí mò ń wò?"

"Ó wà nílẹ̀ níwájú yín. Ó ń dúró de ìdáhùn."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. "Ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀ kí mi, mo kẹ̀yìn sí i. Mi ò dá a lóhùn, mi ò ṣàdúrà fún un." Ó mi orí. "Kí ni ọmọ náà á máa sọ nípa àwa ará Ìsẹ́yìn?"

Mo ní Bàbá ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ní àìmọ̀ kọ́ ló ń gbé ọmọ tó kúnlẹ̀ dìde, ìdáhùn ni. Ó ní kí n lọ bá òun lọ aṣọ gíní òun.

Túsìdeè, 8 Júláì

Kò tíì sí ẹni tó ń rìn lójú títì dáadáa tí Bàbá ti múra tán.

Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wo ojú yín ni?"

Ó ní, "Mo fẹ́ lọ dáhùn."

Ó di apá mi mú, a rìn lọ. Nígbà tí a wọlé, Nífẹ́mi dìde nídìí tábìlì, ó jáde sí gbangba, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ń dán níwájú rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà." Bàbá tẹ orí ba. Mo mọ̀ pé kò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé èèyàn wà níbẹ̀.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ìwọ ni o kí mi lọ́jọ́sí?"

"Èmi ni, sà."

"Ojú mi ni kò rí ọ. Má bínú. Ìdáhùn tọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mú wá." Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kò kánjú. Ó ní ibi tí ó bá kúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbé e ga. Ó ní Nífẹ́mi náà á bí ọmọ tí yóò kúnlẹ̀ fún un. Àwọn tó wà lórí àga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, ìyá kan láti etí omi sì ń fi ọwọ́ lu apá àga rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá wá ní, "Dìde, ọmọ mi." Nífẹ́mi dìde, ó ń nu ojú.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé á ní kí n mú òun lọ sílé. Ó dúró. Nífẹ́mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó. Ṣé kí n kọ orúkọ yín sílẹ̀?"

Bàbá fi ọwọ́ wá apá àga, ó rí i, ó jókòó fúnra rẹ̀. "Kọ ọ́. Ràmọ́nù. Kọ ti baba mi náà mọ́ ọn, torí Ràmọ́nù pọ̀ ní Ṣómólú."

Dókítà ní awọ funfun ló bo ojú ọ̀tún, iṣẹ́ abẹ lè ká a kúrò. Ti òsì ti pẹ́ jù. Mo gbọ́ "ti pẹ́ jù," ó dùn mí. Bàbá ní ẹyọ kan ṣoṣo ti tó ẹni tó bá mọ ibi tí ó ń lọ.

Mọ́ńdè, 21 Júláì

Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Bàbá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, ó sì ń ṣàwàdà. Èmi ni mi ò lè jẹ nǹkan kan.

Wẹ́sìdeè, 23 Júláì

Wọ́n ṣí bándéèjì ojú Bàbá lónìí. Dókítà ní kí ó rọra la ojú. Ó la ojú. Ó wo Dókítà, ó kí i. Ó wo fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Mo dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ń retí kí ó wo ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí bí ẹni fẹ́ gba èsì ìdánwò.

Ó yíjú sí mi. Ó wò mí. Ó na ọwọ́, mo tẹ̀ síwájú, kò sì ṣìnà, ìka rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí mi gan-an, níbi tí ìborùn ti sún sẹ́yìn.

Ó ní, "Waliyat. O ti hu ewú, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi."